Àlìkámà Nínú Àkùrọ̀ Ìrẹsì

Ẹ gbé búrẹ́dì yẹn kúrò níwájú mi. Mo mọ̀ pé ẹ̀bùn ni ẹ mú un bọ̀ láti Adó, mo sì dúpẹ́, ṣùgbọ́n òórùn rẹ̀ ń rí mi lára lónìí. Ẹ jókòó. Ṣọlá, fi ìwé yẹn sínú àpò rẹ ná, kí o fi bíírò náà sí i. Mo ti gbọ́ ohun tí ẹ bá wá. Ẹ fẹ́ kí n fọwọ́ sí i pé kí wọ́n da yanrìn sí àkùrọ̀ wa tó wà lẹ́bàá odò, kí wọ́n kọ́ ilé búrẹ́dì sórí rẹ̀, kí ọkọ̀ máa kó búrẹ́dì gbígbóná láti Ìgbẹ́mọ níbí lọ sí Adébáyọ̀ ní Adó láràárọ̀. N kò tíì ní bẹ́ẹ̀ ni, n kò sì tíì ní bẹ́ẹ̀ kọ́. Mo ní ọ̀rọ̀ kan tí mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ.

Màmá tó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn yìí, tó gbé abọ́ tí a fi aṣọ bò lé ẹsẹ̀, Ìgèdè ló ti wá. Ọmọ Ìgbẹ́mọ ni, ọkọ ló gbé e lọ sọ́hùn-ún. Ọ̀rẹ́ ìyá yín ni. Èmi ni mo ránṣẹ́ pè é, ohun tó sì wà nínú abọ́ yẹn ni mo ń wá. Ó ní òun kò ní ṣí i títí n ó fi sọ ọ̀rọ̀ mi tán níṣojú ẹ̀yin ọmọ. Nítorí náà, ẹ má wo aago. Mo ṣèlérí fún un.

Kí ni ẹ̀yin tilẹ̀ mọ̀ nípa ìrẹsì? Ìrẹsì lójú yín ni èyí tó gùn tẹ́ẹ́rẹ́ nínú àpò tí wọ́n ya àwòrán sí, tí ẹ óò sè tán tí ilé kò ní mọ̀ pé ẹnikẹ́ni se oúnjẹ. Lọ́dún tó kọjá, ọmọ Dúpẹ́ tu ìrẹsì Ìgbẹ́mọ jáde lẹ́nu níwájú mi nítorí pé ó gé òkúta kékeré kan jẹ. Ó ní, "Bàbá àgbà, ìdọ̀tí ni." Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n inú mi kò dùn. Ìdọ̀tí tó tọ́ ìyá rẹ̀ dàgbà ni.

Nígbà tiwa, bí a bá ń se ìrẹsì tuntun ní àdúgbò yìí, ẹni tó ń ti ọ̀nà Adó bọ̀ á ti gbóòórùn rẹ̀ kó tó rí òrùlé ẹnikẹ́ni. A óò rẹ ẹ́ sómi mọ́jú, a óò sè é nínú àgbá pẹ̀lú èèpo rẹ̀ títí èèpo yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í lanu, a óò sá a sórí ẹní títí kan ojú ọ̀nà, ewúrẹ́ kan kò sì gbọdọ̀ kọjá. Lẹ́yìn náà ni gígún. Gbì, gbì, gbì, láti ulé dé ulé. Ẹni tí odó rẹ̀ bá dákẹ́, wọn a pariwo láti òdìkejì pé, "Ṣé o ti kú ni?" Ohùn odó yẹn ni mo fi ń mọ̀ pé ọdún ti yí. Báyìí, ẹ̀rọ jẹnẹrétọ̀ ni mò ń gbọ́, tó ń kígbe bí ẹni tí wọ́n ń fi agbára fà lọ.

Ká má tilẹ̀ tíì sọ̀rọ̀ nípa ẹyẹ. Ẹ̀gà kò mọ olówó, kò mọ tálákà. Bí ìrẹsì bá ti ń ṣomi nínú, a óò kan pèpéle igi sí àárín àkùrọ̀, a óò so agolo mọ́ okùn káàkiri, ọmọdé á sì wà lórí pèpéle láti àfẹ̀mọ́júmọ́, á máa fa okùn, á máa hó. Ṣọlá, ìwọ tí o wọ súùtù wá bá mi yìí, o rántí àbí o kò rántí? O sùn lọ lórí pèpéle, o yí ṣubú sínú ẹrẹ̀, ẹrẹ̀ sì gba ṣòkòtò rẹ kan ṣoṣo. Àárọ̀ ọjọ́ ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì ni. Ìyá rẹ fi omi odò ṣan ọ́, ó sì wọ kaba ẹ̀gbọ́n rẹ sí ọ lọ́rùn, o sì ru ìrẹsì tẹ̀lé wa dé iwájú pẹpẹ báyẹn. Ẹ má rẹ́rìn-ín jù, ó ti di ọ̀gá.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ dáadáa nìyí: irúgbìn. Nígbà yẹn, a kì í ta irúgbìn ìrẹsì. Èèwọ̀ kọ́, ṣùgbọ́n ojú á ti ẹni tó bá tà á. Kí a tó ki dòjé bọ oko, ìyá yín á ti wọ àárín rẹ̀ lóun nìkan, á máa ṣẹ́ orí tó gbó jù lọ́kọ̀ọ̀kan, orí tó pọ́n díẹ̀, tó tẹ̀ kọdọrọ. Kì í fi igi lù ú, ẹsẹ̀ ló fi ń tẹ̀ ẹ́. Ibòji ló ń sá a sí. Á wá dà á sínú akèrègbè, á gbé e kọ́ sókè ààrò kí èéfín lè máa lé kòkòrò. Bí òjò bá dé, àwọn ará àdúgbò á gbé abọ́ wá, á wọn fún kálukú. Lẹ́yìn ìkórè, abọ́ tí o fi gbà ni wàá fi dá a padà, kíkún dẹ́nu, pẹ̀lú ìkúnwọ́ kan lórí. Kò sí ìwé, kò sí ẹlẹ́rìí. Irúgbìn gbogbo àdúgbò wa, akèrègbè ìyá yín ló ń gbé. Àwọn àdúgbò yòókù ní tiwọn, wọ́n ṣì ń gbìn ín títí dòní, Ọlọ́run má jẹ́ kí ó tán. Tiwa ló kúrú, tó pupa díẹ̀, tó sì ń wú nínú ìkòkò títí á fi ṣí ọmọrí.

Lọ́dún kan, nígbà tí Dúpẹ́ ṣì wà ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, àwọn ará ọ́fíìsì kan gbé ọkọ̀ wá. Ọkọ̀ náà mọ́ ju ojú wa lọ. Wọ́n pe gbogbo àgbẹ̀ jọ sábẹ́ igi, wọ́n ní òkè òkun ni wọ́n ti ń ra àlìkámà tí a fi ń ṣe búrẹ́dì, owó orílẹ̀-èdè sì ń bá a lọ, nítorí náà kí a gbin tiwa. Ọ̀rọ̀ náà kò burú létí. Títí di òní, n kò rí ohun tó burú nínú kí ènìyàn gbin ohun tó ń jẹ. Ìyá yín ló dìde níbi tí àwọn obìnrin jókòó sí. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, níbo ni wọ́n ti ń gbìn ín?" Wọ́n ní Òkè Ọya lọ́hùn-ún ni, níbi tí ọyẹ́ ti ń mú. Ó ní, "Ọyẹ́ tiwa kì í dúró kí àlejò tó jẹun tán. Ooru ni yóò bá a nílẹ̀." Ọ̀gá wọn rẹ́rìn-ín, ó ní kí màmá jókòó, pé irú èyí ti gba ìwé ẹ̀rí. Gbogbo ènìyàn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín.

Wọ́n fi mí ṣe alága àwọn olóko àlìkámà. Wọ́n fún mi ní fìlà kan tí wọ́n kọ nǹkan sí níwájú. Mo dé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, mo dé e lọ sóko, díẹ̀ ló kù kí n dé e sùn. Ẹlòmíràn, ilẹ̀ ni wọ́n fi ń rà á. Èmi, fìlà ni.

A gbin àlìkámà sí àkùrọ̀ lẹ́yìn tí a ti kórè ìrẹsì. Ó hù. N kò ní purọ́ mọ́, ó hù, ó sì dúdú mìnìjọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ bí a ti ṣe ń ṣe nǹkan nílẹ̀ yìí. Ẹ̀rọ tí yóò fa omi láti odò dé lákọ̀ọ́kọ́, kò ní páìpù. Nígbà tí páìpù dé, ẹnu rẹ̀ kò gba ẹnu ẹ̀rọ. Nígbà tí a fi rọ́bà táyà so wọ́n pọ̀, kò sí epo. Kẹ́ẹ̀gì ni a fi ru omi, àtọkùnrin àtobìnrin. Ajílẹ̀ tí wọ́n ṣèlérí kò dé títí àlìkámà fi yọ orí, ìgbà tó sì dé, ọkọ̀ tó kó o rì sí ẹrẹ̀ ọ̀nà oko, àwa kan náà la tún lọ tì í. Ta ló dára fún? Gbogbo wọn ń kọ ọ́ sínú ìwé pé a ti gbà á.

Kí ó tó bàjẹ́ tán, nígbà tó ṣì tutù yọ̀yọ̀, wọ́n ránṣẹ́ pé àwọn ọ̀gá àgbà ń bọ̀ wá wò ó, pé wọ́n sì ti ń gbọ́ òkìkí ìrẹsì Ìgbẹ́mọ tipẹ́, pé òun ni wọ́n fẹ́ jẹ. Alága gbọ́dọ̀ ṣe wọ́n lálejò. Ìrẹsì wa ti tán. A ti tà á, a ti jẹ ẹ́. Mo ní kí n wá a lọ sí àdúgbò kejì, ìgbéraga kò jẹ́ kí n lè sọ fún wọn pé alága kò ní. Mo bá gbójú sókè ààrò.

Ìyá yín kò sí nílé. Ó lọ gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní orí òkè àdúrà. Kó tó lọ, mo ti bi í. Mo ní, "Ìyá Dúpẹ́, àlìkámà ti gba àkùrọ̀. Kí la tún fẹ́ fi irúgbìn yẹn ṣe?" Ó ní, "Bàbá Dúpẹ́, kì í ṣe tèmi, kì í ṣe tìrẹ. Má fọwọ́ kàn án." Ó rò pé ọ̀rọ̀ náà ti parí, ó gbé Bíbélì rẹ̀, ó lọ.

Èmi ni mo gun orí àpótí. Èmi ni mo sọ akèrègbè yẹn kalẹ̀. Mo rẹ ẹ́ sómi, mo dáná sábẹ́ àgbá, mo sì fi ọwọ́ ara mi dà á sínú omi gbígbóná. Kò sí ẹni tó rán mi, kò sí ẹni tó bá mi ṣe é. Ẹ̀yin ọmọ, ìrẹsì tí omi gbígbóná bá ti wọ inú rẹ̀ kò lè hù mọ́ láéláé. Ọmọdé Ìgbẹ́mọ mọ̀ bẹ́ẹ̀, èmi náà sì mọ̀ ọ́n.

Ọjọ́ kẹta ni ìyá yín dé. Ó bá ìrẹsì lórí ẹní. Ó kọ́kọ́ rò pé mo kàn sá a ni kí kòkòrò má baà wọ̀ ọ́, ó tilẹ̀ kí mi kú iṣẹ́. Ó wá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó mú ẹyọ kan, ó fi èékánná bó o, ó fi eyín gé e sí méjì. Bí ó bá jẹ́ tútù, inú rẹ̀ á funfun, á rún bí ẹfun. Èyí tí wọ́n ti sè máa ń le, á máa dán bí ìgò. Ó wo ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, "Háà, ìwọ ọkùnrin yìí." Ó wọlé lọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tó burú jù. Àwọn ọ̀gá náà dé ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, wọn kò wọ inú oko. Etí títì ni wọ́n ti wo àlìkámà, wọ́n ya fọ́tò. Mo ní oúnjẹ ti délẹ̀. Wọ́n ní kí n má bínú, àkókò ti lọ. Inú ọkọ̀ ni wọ́n wà tí wọ́n ń jẹ búrẹ́dì pẹ̀lú ọtí ẹlẹ́rìndòdò, tí wọ́n ń ju ọ̀rá sílẹ̀ láti ojú fèrèsé. Búrẹ́dì! Irúgbìn àdúgbò kan wà nínú ìkòkò, ó ń tutù, ajá ló jẹ èyí tó pọ̀ níbẹ̀. Ìdí nìyí tí n kò fi lè wo ohun tí ẹ gbé wá yẹn.

Àlìkámà ńkọ́? Ọyẹ́ lọ, ooru dé, gẹ́gẹ́ bí obìnrin yẹn ti wí. Ó sáré yọ orí kó tó tó orúnkún, èèpo pọ̀, inú ṣófo. Ohun tí ẹ̀gà ṣẹ́kù, kò sí ẹ̀rọ tí yóò lọ̀ ọ́ ní gbogbo agbègbè yìí. Mo gbé àpò kan dé Adó, oníbúrẹ́dì kan ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, ó ní, "Bàbá, ìyẹ̀fun òkè òkun ń wú, ó sì dínwó ju wàhálà yín yìí lọ." Ewúrẹ́ ló jẹ ẹ́. Àwọn ará ọ́fíìsì kò padà wá. Ẹ̀rọ omi yẹn ṣì wà lẹ́bàá odò, alángbá ló ń gbé inú rẹ̀.

Òjò wá bẹ̀rẹ̀. Àwọn ará àdúgbò gbé abọ́ wọn dé bí wọ́n ti ń ṣe. Wọ́n dúró sí àgbàlá yìí, nǹkan bí ènìyàn mẹ́wàá, àwọn tí ọmọ wọn yóò jẹ tàbí kò ní jẹ. Ojú wọn wà lára mi, alága. Mo la ẹnu mi, mo ní, "Ẹ má bínú. Ìyàwó mi ló ṣe àṣìṣe. Ó rò pé ti jíjẹ ni, ó sè é."

Ìyá yín wà níbẹ̀. Ẹ̀gúsí ló ń bó. Ó gbójú sókè wò mí lẹ́ẹ̀kan, ó sì ń bó ẹ̀gúsí rẹ̀ lọ.

Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pè é ní Ìyá A-se-irúgbìn. Wọ́n á máa rẹ́rìn-ín sí i nídìí odò. Kò bá àwọn obìnrin fẹ́ ìrẹsì mọ́. A lọ wá irúgbìn mìíràn káàkiri, ó hù, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun. Dúpẹ́, ó ní ọjọ́ kan tí ìyá rẹ bá ọ wí nítorí pé o jó ọbẹ̀. O yíjú sí i, o ní, "Ṣebí ìwọ náà se irúgbìn." Yàrá ni mo wà, mo gbọ́ ọ. Mo gbọ́ ohùn ìyá rẹ pẹ̀lú, ó ní, "Òótọ́ ni, ọmọ mi." Mo lè jáde síta nígbà náà. N kò jáde. Bí ẹ bá ń bi mí léèrè ohun tó ń rí mi lára jù láyé, kì í ṣe ará ọ́fíìsì, kì í ṣe búrẹ́dì. Èmi tí mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì lọ́jọ́ yẹn ni. Nígbà tó kú, a sin ín, mo sọ̀rọ̀ níbi ìsìnkú, mo ní obìnrin rere ni. N kò sọ ọ́ níbẹ̀ náà.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ìpàdé ìjọ gbé mi dé Ìgèdè ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún yìí. Wọ́n gbé ìrẹsì fún mi. Mo bu ṣíbí kan, mo mọ̀ ọ́n lẹ́nu: tiwa ni. Mo béèrè ẹni tó sè é. Màmá yìí jáde sí mi, ó ní, "Ti ùyàwó rẹ ni. Abọ́ kan ló yá mi lọ́dún tó ṣáájú àlìkámà yín. Ibi odò kékeré lẹ́yìn ulé ni mo ti ń gbìn ín. Mo fẹ́ dá a padà fún un lẹ́yìn tí àlìkámà yín bàjẹ́ tán, ó ní kí n máa fi pamọ́ sọ́wọ́, pé kò tíì sí ibi tí òun lè gbé e kọ́." Ṣé ẹ gbọ́? Kò tíì sí ibi tí òun lè gbé e kọ́, nínú ilé tèmi.

Mo ní kó fún mi. Ó ní, "Fún ta? Ó sọ fún mi, èmi nìkan ló sọ fún. Lọ sọ ọ́ lójú àwọn ọmọ rẹ̀ pé ùwọ lo sè é. Bí o bá ti sọ ọ́, n ó gbé e wá fún wọn. Fún wọn ni mo wí o." Àgbà tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn, òun náà ni yóò ru igbá rẹ̀ dé ilé. Ẹrù mi rèé, mo ti rù ú dé iwájú yín. Èmi ni mo sè é. Ìyá yín kò ṣe àṣìṣe kankan láyé rẹ̀, àfi pé ó dákẹ́ fún mi.

Ṣọlá, n kò ní fọwọ́ sí ìwé rẹ. Wọn yóò gbé ìyẹ̀fun láti òkè òkun gba orí omi, wọn yóò wá kọ́ ilé sórí ilẹ̀ tó lè bọ́ wa kí wọ́n lè yan án níbẹ̀. Ilé búrẹ́dì, ilẹ̀ olókùúta tó wà lókè lọ́hùn-ún dára fún un, ibẹ̀ ni kí ẹ kọ́ ọ sí. Ṣùgbọ́n n kò tún ní pàṣẹ lórí àkùrọ̀ yẹn mọ́. Ìyá yín ló mọ ohun tó yẹ ẹ́ nígbà tí gbogbo wa ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin ọmọ rẹ̀ ni kí ẹ pinnu.

Màmá, mo ti sọ ọ́ tán. Ẹ ṣeun. Ẹ má gbé e fún mi, Dúpẹ́ ni àkọ́bí.

Dúpẹ́, kí lò ń ṣe? O ń fi èékánná bó o. Ta ló kọ́ ọ? Ó dáa, fi eyín gé e. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni. Kí lo rí? Màmá lo kọjú sí. Kò burú, fi han màmá. Mo rí i láti ibi tí mo wà. Ó funfun. Ó ń rún.

Ṣọlá, ran ẹ̀gbọ́n rẹ lọ́wọ́. Ààrò ìyá yín ṣì wà lẹ́yìn ilé, igi òkè rẹ̀ kò tíì jẹrà. Ẹ gbé e kọ́ síbẹ̀, kí ẹ sì gbé e ga dáadáa, kí ọwọ́ mi má baà tó o.